Orí Tí A Là: Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ, Owó àti Ẹ̀mí Aláìsàn

Àwọn bàbá wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ènìyàn bá pa òwe yìí níwájú dókítà tí ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ó lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní jiyàn. Orí lílà ni iṣẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe orí bíbẹ́. Ó sì mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ọ̀nà tí ó wà láàárín méjèèjì kò jìn. Ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí kò kún ife, bí ó bá dà síbi tí kò yẹ nínú agbárí, ó tó láti pa ènìyàn, tàbí kí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ títí ayé.

Kò sí ẹ̀yà ara tí Yorùbá ń bọ̀wọ̀ fún tó orí. A ń bọ ọ́. A gbà pé òun ni ènìyàn yàn lọ́run kí ó tó wá sáyé, a sì fi orí òde tí ojú ń rí ṣe àmì orí inú tí ojú kò rí. Ìyá ọmọ tuntun kì í jẹ́ kí àlejò ṣàdédé fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ọmọ rẹ̀. Irun tí a fá lórí, a kì í dà á síbi tí ẹni tí a kò mọ̀ yóò ti ṣà á. Nítorí náà, nígbà tí dókítà kan dé sí Ìbàdàn ní 1962, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ kí ó máa sọ fún ẹbí aláìsàn pé òun yóò fi ayùn la agbárí ẹni wọn, òun yóò wo inú rẹ̀, òun yóò sì tún un dé padà, kì í ṣe ohun kékeré ni ó ń bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Emmanuel Latunde Odeku ni dókítà náà, ọmọ Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́. Ọdún 1927 ni wọ́n bí i. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì fún ọmọkùnrin ní Èkó ni ó lọ, ó gba oyè dókítà ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà ní 1954, ó sì kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan lọ́dọ̀ Edgar Kahn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ náà yanjú. Akéwì ni pẹ̀lú. Ó tẹ ìwé ewì Twilight Out of the Night jáde ní 1964, ó sì tẹ òmíràn ní 1969. Ó máa ń dùn mí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ewì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ilé-ìwòsàn UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957, kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí Odeku dé síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí dókítà fi ń wo inú orí láyé ìgbà náà. Agbárí kì í jẹ́ kí X-ray fi ọpọlọ hàn. Egungun nìkan ni yóò jáde lójú fíìmù. Walter Dandy, dókítà kan ní Baltimore, ni ó wá ọgbọ́n sí i ní 1918. Ó lu ihò sí agbárí, ó fa omi díẹ̀ jáde láti inú yàrá tí ó wà nínú ọpọlọ, ó fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó wá ya fọ́tò. Lọ́dún kejì ó rí i pé a lè gba ẹ̀yìn, láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, fẹ́ afẹ́fẹ́ náà wọlé. Ní 1927, Egas Moniz ní Lisbon tún mú ọ̀nà mìíràn wá: ó fi abẹ́rẹ́ ti oògùn tí X-ray lè rí sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn. Ọ̀nà méjèèjì yìí fi ibi tí kókó wà hàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ewu tiwọn. Ẹni tí a bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí lórí yóò bì, orí yóò fọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń gún nǹkan nínú rẹ̀, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ìwádìí nìkan nìyẹn o, a kò tíì dé ibi iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1971, ní Wimbledon lẹ́bàá London, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe wo orí aláìsàn láìlu ihò kankan. Odeku kú ní oṣù kẹjọ 1974, ní ọmọ ọdún 47, ní ilé-ìwòsàn kan ní London. Gbogbo ọdún tí ó lò ní Ìbàdàn, kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ. Adelola Adeloye dara pọ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì kọ ìwádìí ní 1971 nípa kókó kan tí a máa ń bí mọ́ ọmọdé lórí àwùjẹ̀. Ó lè dà bí ìṣù tí ń bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n a lè yọ ọ́ láìfọwọ́ kan ọpọlọ. Títí di òní, àwọn dókítà káàkiri ayé ń fi orúkọ àwọn ọmọ Yorùbá méjì yìí pe àìsàn náà. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye nínú rẹ̀. Ojú tí ó mọ nǹkan wò ni, àkọsílẹ̀ tí ó péye ni, àti wọ́ọ̀dù tí ọmọ lè sùn sí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí ó wà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpamọ́wọ́ yìí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Àwọn tí ń ṣètò ilé-ìwòsàn a máa pín in sí méjì. Wọ́n a ní ọ̀rọ̀ owó wà lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ààbò aláìsàn wà lọ́tọ̀. Akápò ni yóò bójú tó ọ̀kan, dókítà àti nọ́ọ̀sì ni yóò bójú tó èkejì. Ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, n kò gbà pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹni tí a bá gbé owó lé lórí ni a gbé ewu lé lórí pẹ̀lú.

Láyé Odeku, ìjọba ni ó ru ẹrù tí ó pọ̀ jù. Aláìsàn lè san díẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ń ra ẹ̀rọ, òun ni ó ń san owó oṣù, òun ni ó ń kún ibi ìkóoògùnsí. Kí ọdún 1983 tó parí, nǹkan ti yí padà. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, tí Sani Abacha sì ka ìkéde wọn lórí rédíò, ipò tí àwọn ilé-ìwòsàn wà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀sùn tí ó kà: ó ní wọ́n ti di ibi tí a ti ń rí dókítà lásán, láìsí oògùn, láìsí omi, láìsí irinṣẹ́. Àwọn tí ó rọ́pò ìjọba náà kò tún un ṣe. Ní 1985, náírà 1 ṣì ju dọ́là 1 lọ. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ní 1987 dọ́là 1 di nǹkan bíi náírà 4. Ní 1992 ó ti di nǹkan bíi náírà 17. Ní 2024 ó kọjá náírà 1,400.

Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún ẹ̀ka kan tí ó jẹ́ pé òkè òkun ni ohun èlò rẹ̀ ti ń wá. Ìlùhò tí a fi ń la agbárí, ìdè kékeré tí a fi ń dí iṣan tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, oògùn akunnilóorun, òwú ìránpa, gbogbo rẹ̀ ni a ń fi dọ́là rà. Ilé-ìwòsàn tí kò lè rà wọ́n mọ́ kò ní kéde pé òun ti pa ẹ̀ka náà dé. Ohun tí yóò ṣe ni pé nọ́ọ̀sì yóò kọ orúkọ àwọn nǹkan náà sórí ìwé pélébé kan, yóò fi lé ẹbí lọ́wọ́: ìbọ̀wọ́ báyìí, omi ìfàsára báyìí, oògùn apakòkòrò báyìí, ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀n báyìí. Ẹbí yóò sì jáde lọ wá wọn. Ní wákàtí yẹn, ẹni tí ó ń yan oògùn tí yóò wọ inú ara aláìsàn kì í ṣe apòògùn ilé-ìwòsàn mọ́. Àbúrò aláìsàn ni, ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà, ní òru, pẹ̀lú owó tí kò tó. Bí oògùn náà bá jẹ́ ayédèrú, ta ni yóò mọ̀? Lóòótọ́, a dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ ní 1993 láti gbógun ti ayédèrú oògùn, wọ́n sì ṣe gudugudu méje níbi iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àjọ kan kò lè tẹ̀lé àbúrò gbogbo aláìsàn dé ṣọ́ọ̀bù.

Ewu tí ó tún burú jù ni ti àkókò. Ní 1981, àwọn dókítà kan ní Virginia ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 82 tí wọ́n fi orí gbá nǹkan, tí wọ́n ti dákú, tí ẹ̀jẹ̀ sì dà sábẹ́ awọ tí ó bo ọpọlọ wọn. Nínú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kí wákàtí 4 tó pé, ìdá 30 nínú 100 ni ó kú. Nínú àwọn tí tiwọn kọjá wákàtí 4, ìdá 90 nínú 100 ni ó kú. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e kò fi gbogbo ẹnu gbà pé wákàtí 4 gan-an ni ààlà, ṣùgbọ́n n kò rí dókítà tí yóò sọ fún ọ pé kí o máa fàkókò ṣòfò.

Ní 2011, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá ọ̀kadà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀. Aago 11 òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Télọ̀ ni ọmọ náà, ọmọ ọdún 24. Àwọn aláàánú gbé e dé ilé-ìwòsàn ìjọba kan kí aago 12 tó lù, n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Dókítà tí ó wò ó mọ ohun tí ó ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ó ní àfi kí a wo inú orí rẹ̀. Ẹ̀rọ CT wọn ti bàjẹ́ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. A gbé e sínú ọkọ̀ lọ síbi ẹ̀rọ aládàáni kan ní apá kejì ìlú, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan tí ó ń fi ọwọ́ di omi ìfàsára mú lókè. Rìsíìtì ibẹ̀ fi aago 3:40 ọ̀sán hàn. Nígbà tí a padà dé, ó ku owó àsansílẹ̀, náírà 180,000. Báǹkì ti tì, ẹ̀rọ tí ń pọwó kò sì jẹ́ kí n gbà ju ìwọ̀n kan lọ lóòjọ́. Dókítà náà fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ akápò. Mo gbọ́ tí ó ń sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé e wọlé, wọn yóò san án lọ́la." Akápò kì í ṣe ìkà ènìyàn, ó fi ìwé hàn án pé aláìsàn mẹ́ta tí òun jẹ́ kí wọ́n gbé wọlé lóṣù tí ó kọjá kò san, wọ́n sì yọ díẹ̀ nínú owó oṣù òun. Rìsíìtì owó àsansílẹ̀ tiwa fi aago 7:10 alẹ́ hàn. Wọ́n wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní aago 10, lẹ́yìn tí wọ́n rí dísẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀.

Orí bá ọmọ náà ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ èyí tí ń rọra dà, ó sì yè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́.

N kò fẹ́ kí òǹkàwé rò pé bí owó bá ti wà, ewu ti tán. Ní 2007, ní ilé-ìwòsàn Rhode Island ní Amẹ́ríkà, níbi tí kò sí ẹni tí yóò sọ pé ohun èlò wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí apá òdì orí aláìsàn: ẹ̀jẹ̀ wà lápá kan, abẹ lọ sí apá kejì. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà bu ìtanràn 50,000 dọ́là lé wọn. Àìsí ẹni tí yóò dúró, tí yóò wo fíìmù, tí yóò bèèrè níwájú gbogbo ènìyàn pé apá wo ni, ni ó fa èyí, kì í ṣe àìlówó.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, Harvey Cushing, mọ èyí láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Harvard. Láyé ọjọ́un, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa ń ní kí ó fún aláìsàn ní oògùn akunnilóorun. Aláìsàn kan kú mọ́ Cushing lọ́wọ́. Ó dà bí ẹni pé yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ernest Codman, mú bébà ní 1894, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí iṣan aláìsàn ṣe ń lù sórí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí. Ní 1901 ó rí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní Pavia ní Ítálì, ó sì gbé irú rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Bébà àti lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde tí kò ju ojú ewé kan lọ, tí gbogbo ẹni tí ó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ yóò jọ kà sókè kí abẹ tó kan ara: orúkọ aláìsàn, apá ibi tí a fẹ́ là, ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nílẹ̀. Wọ́n dán an wò ní ìlú mẹ́jọ, láti Seattle títí dé Ifakara ní Tanzania. Àwọn tí ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dín kù láti ìdá 1.5 sí ìdá 0.8 nínú 100. Kíkà náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó gba kí nọ́ọ̀sì tí ó kéré jù ní yàrá náà lè la ẹnu sọ fún ọ̀gá dókítà pé, "Ọ̀gá, ẹ dúró ná." Ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí ọmọdé kì í ti já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu, n kò mọ̀ bóyá dọ́là ni ó wọ́n jù lọ níbẹ̀.

Ibì kan wà ní Áfíríkà tí wọ́n ti fi ìdáhùn gidi sí ọ̀rọ̀ owó àti ààbò yìí. Ọmọdé ni ó kàn. A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àìsàn kan wà tí omi inú ọpọlọ kì í rí ọ̀nà jáde mọ́, tí orí ọmọ yóò máa wú, tí àwùjẹ̀ yóò máa le, títí ọrùn kò fi ní lè gbé e. Ohun tí àwọn dókítà ti ń ṣe láti nǹkan bí ọdún 1956 ni pé wọn a ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ní ìdérí bọ inú orí, wọn a gbà á lábẹ́ awọ wá sí inú ara, kí omi lè máa gba ibẹ̀ ṣàn. Shunt ni wọ́n ń pè é. Ìṣòro rẹ̀ jẹ́ méjì. Ó wọ́n, ó sì máa ń dí. Ọjọ́ tí ó bá dí, ọmọ nílò dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ìlú Mbale ní Uganda, Benjamin Warf, dókítà ará Amẹ́ríkà, tọ́jú irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 2005, ó fi shunt méjì wé ara wọn lára ọmọ 195. Ọ̀kan ti Amẹ́ríkà wá, ó ń ná nǹkan bíi dọ́là 650. Ìkejì, tí wọ́n ń pè ní Chhabra, ti Íńdíà wá, dọ́là 35 ni. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín àwọn ọmọ méjèèjì, yálà nípa kòkòrò àrùn tàbí nípa dídí. Mo rò pé gbogbo ẹni tí ń buwọ́ lu ìwé ìrajà ní ilé-ìwòsàn wa ni ó yẹ kí ó mọ iye méjì yìí sórí. Ṣùgbọ́n Warf kò dúró níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ tí ilé rẹ̀ wà ní ìrìn ọjọ́ kan sí ilé-ìwòsàn kò ní ààbò bí rọ́bà bá dí, ì báà jẹ́ ti dọ́là 35. Nítorí náà ó ń lo kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti lu ihò sí ìsàlẹ̀ yàrá omi inú ọpọlọ, ó sì ń jó ẹran tí ń sun omi náà, kí ọmọ má baà nílò rọ́bà kankan. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó ṣiṣẹ́. Ìyá ọmọ gbé e lọ sílé láìsí ohun àjèjì lórí rẹ̀.

Níbí, ọ̀nà tí a gbà ni òfin. A ṣe òfin adójútòfò ìlera ní 1999, kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 2005, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó sì jàǹfààní rẹ̀ jù. Ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Abuja, ní olú-ìlú tiwa, wọ́n ṣèlérí láti máa fi ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná wọn sí ìlera. Ìjọba àpapọ̀ wa kò dé ibẹ̀ rí. A tún òfin adójútòfò ṣe ní 2022, ó ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wọlé. Títí di báyìí, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ìtọ́jú tí ó ṣì ń ti àpò aláìsàn jáde.

Èyí tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni Òfin Ìlera ti 2014. Abala 20 rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìdí kankan. Nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ń ta aṣọ òkè nísinsìnyí, kì í ránṣọ mọ́. Ó fi ọwọ́ òsì di ìwé náà mú, ó kà á dé ibi ìjìyà: ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí ìtanràn náírà 100,000, tàbí méjèèjì. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà ju èyí lọ."